Àga Tí Alfa Kọ̀ Láti Jókòó Lé

Mo ti pa paramọ́lẹ̀ rí. Mo ti bá ọlọ́pàá jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ kan náà rí, mo sì jẹ ẹran tirẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú Alfa Abdulkadir ní Pàkátà, tí mo sì mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni ọkàn mi ń fẹ́, òógùn tó jáde lára mi, ká ní omi tó mọ́ ni, gbogbo Ìlọrin ì bá fi ṣe àlùwàlá láti Jímọ̀ dé Jímọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí wàhálà ti gbà wọlé.

Bilal lorúkọ mi. Káfíńtà ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Challenge, nílùú Ìlọrin níbí. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ mi ṣe sàráà lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ràn yẹ̀yẹ́. Bí oòrùn bá wọ̀ tí mi ò tíì fi ẹnì kan ṣe ẹlẹ́yà, orí á máa fọ́ mi.

Ọ̀sán Àtàláátà kan ni Rùkáyátù wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewéko, ó mú téèpù lọ́wọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́wàá tò tẹ̀lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.

"Ẹ jókòó, ma," mo ní, mo sì tọ́ka sí àga tuntun kan. Bó ṣe jókòó báyìí ni mo kígbe pé, "Áà! Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì gbẹ o!"

Gbogbo ẹni tí mo bá ṣe é fún ló máa ń fò. Bàbá kan fò débi pé fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí páànù títí di òní. Ṣùgbọ́n Rùkáyátù ò mira. Ó fa téèpù rẹ̀ yọ, ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé abẹ́ itan ara rẹ̀.

"Àga yìí ga jù fún mi ní ínṣì méjì," ó ní. "Ta lẹ wọ̀n kí ẹ tó kàn án?"

"Ta ni mo wọ̀n kẹ̀? Igi ni mo wọ̀n."

Ó yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ? Igi ló wọ̀n. Kò wọn ẹni tó máa jókòó."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń fi ayé ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wó lù mí bí ìtì gẹdú.

Olùkọ́ ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú wa níbí. Ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣètò inú ilé: ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wọlé, ibi tí ẹsẹ̀ máa gbà kọjá, ibi tí ìdí máa bà lé. Kì í fi ìwé nìkan kọ́ wọn. Lọ́dọọdún, ó máa ń kó wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọdé ti ń kàwé lóòótọ́, wọ́n á wọn gbogbo ẹ̀, wọ́n á yà á sínú ìwé, wọ́n á wá fi páálí àti pátákó kan èyí tí wọ́n rò, bó ṣe máa tóbi gan-an, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ lè jókòó sínú ẹ̀ wò.

"Mo fẹ́ kí ẹ wá máa kọ́ wọn bí igi ṣe ń hùwà," ó ní. "Ìwé ò lè sọ ìyẹn fún wọn."

"Ilé-ẹ̀kọ́ wo la fẹ́ tún ṣe lọ́dún yìí?"

"Ilé kéwú bàbá mi ni, ní Pàkátà. Alfa Abdulkadir."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì bà lé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Wọ́n rò pé ìyẹn ló jẹ́ kí omi lé sí mi lójú.

Mo mọ ilé kéwú yẹn ju bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi, Sáàdù káfíńtà, mú mi lọ síbẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ àga kàn tó bàbá mi. Erin lè bímọ lórí àga rẹ̀ kó má mì. Ó kan ọ̀kan fún Alfa, ó fi ta á lọ́rẹ nítorí Ọlọ́run. Èmi ọmọ burúkú, mo yọ́ gbé ayùn bàbá mi, mo sì fi rẹ́ ẹsẹ̀ àga náà kan dé ìdajì. Mo kàn fẹ́ kó mì díẹ̀ bí Alfa bá jókòó ni, kí àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé igi tí a bá rẹ́ dé ìdajì ti tán.

Alfa ṣubú lulẹ̀ gbì. Láti ọjọ́ náà, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ò tẹ̀ dáadáa mọ́. Gbogbo àdúgbò ní iṣẹ́ Sáàdù ni ò dára. Èyí tó burú jù ni pé bàbá mi fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Kò kan àga mọ́ láyé ẹ̀. Ilẹ̀kùn ló ń kàn, àti fèrèsé, àti wàláà tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ̀wé. Alfa náà ò jókòó lórí àga mọ́, orí awọ àgbò ló ń jókòó. Èmi ní tèmi, mi ò padà sí ilé kéwú mọ́. Mo ní inú ń run mí, inú yẹn sì ń run mí fún ọdún mọ́kànlélógún. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, orí ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló ti dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dé Pàkátà, Alfa wò mí títí. Irùngbọ̀n mi gùn, ara mi ti ki, ṣùgbọ́n ojú alfa kì í ṣe ojú lásán.

"Ojú yìí ò ṣàjèjì sí mi," ó ní. "Níbo la ti pàdé?"

"Mo jọ gbogbo èèyàn ni, Alfa," mo ní. Ohùn mi tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Rùkáyátù mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá àwọn ọmọ kéwú jókòó sílẹ̀ láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n dìde, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Favour di ìbàdí mú, ó ń kérora bí aboyún.

"Ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ yẹn," Rùkáyátù sọ fún un, "òun ni olùkọ́ ẹ lónìí. Kí ló ní kí o ṣe?"

"Ó ní kí n ṣe tábìlì kúkúrú fún wọn, ma, kí wọ́n yéé tẹ̀ ba lórí wàláà."

"Ẹn-ẹn. Kí lojú ẹ wá rí?"

"Ẹ̀yìn wọn ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Òjìji orí wọn ló ń bo ohun tí wọ́n ń kọ."

"Nígbà náà, a máa yí ìjókòó wọn padà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò le, ṣùgbọ́n ojú mi là sí i. Láti kékeré ni mo ti ń kan nǹkan, mi ò rí ilé rí bẹ́ẹ̀.

Alfa gba gbogbo ẹ̀: ó gba tábìlì kúkúrú, ó gba ibi tí bùtà àlùwàlá máa wà, ó gba kí wọ́n yí kíláàsì padà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjókòó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà yà fún òun fúnra rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Mẹ́jọ ni wọ́n yà.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ," ó máa ń sọ. "Mo fara mọ́ ìyókù. Ẹ sáà má gbé àga síwájú mi."

Lẹ́yìn náà, ó máa fẹ́ dìde. Èèyàn méjì ní láti gbé e lápá. Orúnkún yẹn á ró kà! Gbogbo ìgbà tó bá ró báyìí, ó dà bíi pé inú àyà mi ló ti ń ró.

Èmi àti Rùkáyátù wá sọ ara wa di ẹni tó ń jẹ wàrà pa pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà á fi gbogbo ará àdúgbò Post Office rẹ́rìn-ín fún un. Lọ́jọ́ kan, ó gbé wàrà tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí.

"Bùròdá Bilal, níbi gbogbo, ẹnu yín dà bíi rédíò. Kí ló dé tí bátìrì yín máa ń kú tá a bá ti dé Pàkátà?"

"Ọ̀wọ̀ ni."

"Ẹ̀rù ni. Mo mọ̀yàtọ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Bí ẹ bá ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bá bàbá mi sọ nípa mi, ẹ rán ẹni tó lẹ́nu. Ẹ má pẹ́. Àwọn mìíràn ń bọ̀."

Àwọn mìíràn ń bọ̀! Mi ò jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀mí mi ń lọ, ó ń bọ̀. Mo sáré rán Hàjíà Jummai. Àbúrò Alfa ni, ó sì fẹ́ràn mi nítorí ilẹ̀kùn kan tí mo bá a tún ṣe. Ẹnu obìnrin yìí lè ta omi fún ẹja. Mo ní bí òun ò bá rí i ṣe, kò sẹ́ni tó lè rí i ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló padà wá. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Hàjíà Jummai, tó jókòó láìsọ̀rọ̀! Mo mọ̀ pé ilé ti dàrú.

"Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ọmọ ta ni," ó ní. "Mo ní ọmọ Sáàdù káfíńtà. Bilal, wàláhì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, 'Sáàdù tí àga ẹ̀ gbé mi ṣánlẹ̀? Ẹni tí ò lè fi òtítọ́ kan àga, ọmọ ẹ̀ á ṣe wá fi òtítọ́ gbé ọmọ mi?' Ó ní ìwà kì í jìnnà sílé. Ó ní kí n má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́."

Ẹ wo bí mo ṣe há o. Bí mo bá dákẹ́, bàbá mi ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ lé mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi fúnra mi ni wọ́n á tìtorí ẹ̀ lé mi. Apá méjèèjì ni wọ́n ti ń lé mi kúrò nílé Alfa.

Ní Àlàmísì ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ṣì lọ síbi iṣẹ́, bí ẹni tó lọ síbi ìsìnkú ara rẹ̀. Wọ́n ń wọn àwọn nǹkan tó wà nínú ilé. Òfin Rùkáyátù ni pé kódà ohun tó ti bàjẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yà á, torí ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Mo kàn gbọ́ ohùn Favour lórí àjà.

"Ma! Mo rí àga kan níbí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti kán."

Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Eruku bò ó. Àga bàbá mi ni. Àwọn oríkèé rẹ̀ ṣì di ara wọn mú bí ọjọ́ tí wọ́n kàn án, àyàfi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Favour yà á, ó wá sún mọ́ ọn.

"Ma, ẹ wá wò ó. Ojú ibi tó kán yìí, ìdajì ẹ̀ tẹ́jú, ìdajì tó kù ló ya jágajàga."

Rùkáyátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ. "Ọ̀gá Bilal, ẹ̀yin lẹ mọ igi. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi.

"Ikán ni," mo ní.

Favour kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà: IKÁN. Ó dà bí ìgbà tó ń gbá ìṣó mọ́ mi láyà.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ, Rùkáyátù pè mí sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn ilé.

"Ikán kì í gé igi gbọọrọ," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí ojú ibi tí ayùn gé ṣe ń rí. Kí ló dé tẹ́ ẹ purọ́ fún wọn?"

Mo fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wá yẹ̀yẹ́ kan nínú orí mi títí, mi ò rí. Mo bá sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láti ayùn dé inú rírun. Ó gbọ́ ọ dópin. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Bàbá mi ò tíì lè fi orí kanlẹ̀ kírun bó ṣe tọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méje."

"Mo mọ̀."

"Bàbá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?"

Mo mi orí pé rárá.

"Sátidé ni àwọn ọmọ máa fi iṣẹ́ wọn han bàbá mi," ó ní. "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi kọ́ ni mo ṣe é, èmi sì kọ́ ni mo ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí bàbá mi tiẹ̀ gbà, mi ò ní wọlé ọkùnrin tó jẹ́ kí bàbá ẹ̀ máa ru ẹ̀bi ẹ̀ kiri."

Ó fi mí sílẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo lọ bá bàbá mi. Ó ń fá ilẹ̀kùn kan. Mo kúnlẹ̀ sáàárín èérún igi, mo sì sọ ọ́. Kò dáwọ́ dúró títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ló gbé irinṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ wo?" ó béèrè.

"Ti ẹ̀yìn, Bàbá. Lápá òsì."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. "Oríkèé iwájú ni mo máa ń rò. Mo máa ń kan àga yẹn nínú orí mi, láràárọ̀, mo ń wá ibi tí mo ti ṣe é tì."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn padà fún. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ká ní ó fi igi là mí lórí, ì bá sàn.

"Àárọ̀ Sátidé, àbí?" ó ní. "Má sùn gbàgbé. Mò ń bá ẹ lọ."

Ní Sátidé, ilé kéwú kún. Àwọn ọmọ ti jókòó sídìí tábìlì kúkúrú tí a fi páálí ṣe, ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí wàláà wọn. Alfa wà lórí awọ àgbò, tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà náà dúró. Favour ń ṣàlàyé, ó dé orí àga tó kán. Ó ní, "Ikán ló..."

"Kì í ṣe ikán," mo ní.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn páálí. "Alfa, èmi ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ayùn bàbá mi ni mo fi rẹ́ ẹ. Bàbá mi ò mọ̀. Iṣẹ́ wọn dára. Èmi ni mi ò dára."

Mo gbọ́ bí eṣinṣin ṣe ń nu ẹsẹ̀.

"Sáàdù," Alfa ní, "ìgbà wo lo mọ̀?"

"Àná, Alfa."

Alfa na apá. Èèyàn méjì gbé e dìde, orúnkún náà ró. Ó rọra rìn títí ó fi dé iwájú bàbá mi.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ọ́ ṣe wàásù," ó ní. "Mo ní kí wọ́n wo oníṣẹ́ tí ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìwọ tó fún mi lọ́rẹ. Sáàdù, forí jì mí."

Bàbá mi dì í mú kó má bàa kúnlẹ̀. Àwọn arúgbó méjèèjì wá fọwọ́ ti ara wọn bí igi méjì tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé lulẹ̀.

Ìgbà náà ni Alfa wá yíjú sílẹ̀ sí mi. "Ìwọ. Súrà wo lo dé kí o tó sá?"

"Mi ò... mi ò rántí mọ́, Alfa."

"Wàá rántí. Láti Àtíníì, lẹ́yìn Àlàásárì, wàá wá jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ wọ̀nyí. Lọ́jọ́ tí o bá kà dé ibi tí mo ní kí o kà dé, rán Jummai sí mi padà. Kó tó dìgbà náà, má bá mi sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Mo gbójú sókè. Rùkáyátù ń wo ibòmíràn, ṣùgbọ́n etí híjáàbù rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń sunkún ni àbí ó ń rẹ́rìn-ín.

Oṣù méje! Èmi Bilal, tí irùngbọ̀n mi lè gbá ilẹ̀, mo ká jọ sídìí tábìlì tí a wọ̀n fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Orúnkún mi ń bá etí mi sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Àsmá'ù ló ń tún mi kà. "Bùròdá, ẹ tún ti ṣì í," á máa wí, "ẹ kò gbọ́ràn." Lójoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀rù pé ẹlòmíràn ti gbé Rùkáyátù lọ. Ó máa ń kọjá lójú fèrèsé, kì í wò mí. Lọ́jọ́ kan ṣá, ó wọlé wá pẹ̀lú téèpù, ó wọn àlàfo tó wà láàárín orúnkún mi àti àgbọ̀n mi.

"Ínṣì mẹ́rin," ó ní. "Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ mi ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn ò bá bá ìjókòó ẹ̀ mu." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ tètè kà. Àrẹ̀ ti ń mú mi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo kà bí ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn.

Mo kà dé ibi tí Alfa ní kí n kà dé, mo rán Hàjíà Jummai padà, Alfa sì gbà. Ọjọ́ yìgì èmi àti Rùkáyátù wá pé. Bàbá mi ti ní òun máa kan àga fún Alfa, ó sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, èmi pàápàá jù lọ. Ó lọ bá Favour, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wọn Alfa." Ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ nìyẹn tó máa wọn èèyàn kó tó wọn igi. Wọ́n gbé àga náà sáàárín ilé kéwú. Mo yọ́ lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà méjìdínlógún.

Àwọn alfa ti jókòó. Alfa Abdulkadir dìde dúró níwájú àga. Ó ní, "Bísímílà," ó sì rọra jókòó.

Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo mí kanlẹ̀.

Lójijì, Alfa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ yọ síta. "Yéè! Sáàdù! Ó tún ti kán o!"

Mi ò mọ bí mo ṣe fò. Wọ́n ní mo fo alfa méjì àti àwo dàbínù kan kọjá, nínú agbádá funfun mi. Mo fi ikùn bà lélẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àga náà mú. Ó dúró gbọn-in bí òkè Sobí.

Mo gbójú sókè. Èjìká Alfa ń mì. Ọkùnrin tí mi ò rí eyín rẹ̀ rí, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlélógún," ó ní, "ni o ti jẹ mí ní gbèsè eré yẹn. Mo ti gbà á. Dìde, àna mi. Agbádá ẹ ti dọ̀tí."

Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, mo gbọ́ ẹ̀rín Rùkáyátù, ó ń dún ju ti gbogbo ilé lọ.

Alfa wá nu ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ lu apá àga náà, ó sì kọjú sí bàbá mi. "Sáàdù," ó ní, "àga rẹ dára."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà lápá òsì, láti òkè délẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní.